Òpó Ilé Alápó

"Ẹ kàn án! Mo ní kẹ́ ẹ kàn án, Ẹnjiníà! Kí ló ń bà yín lẹ́rù? Ṣé òpó máa ń gé èèyàn jẹ ni?"

Ohùn Àṣàbí gba abẹ́ òrùlé roboto mọ́ṣáláṣí tuntun ti Ìta Olókìtì, ó yí ká, ó sì padà wá bá a lókè obìnrin, àjà tí àwọn obìnrin ti ń kírun, níbi tó dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń so iná gíláàsì ńlá rọ̀ sáàárín gbọ̀ngàn dáwọ́ dúró lórí àkàbà. Ẹnjiníà Ọláníyì, ẹni tó ya àwòrán ilé náà tó sì ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà. Ó wo òpó, ó wo ilẹ̀. Kò kan òpó.

"Màmá, mábù Ítálì ni o. Ẹ máa rọra."

"Ṣé Ítálì ló ń dún báyìí?" Àṣàbí fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ lu òpó náà. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó rìn lọ bá òpó kejì lódìkejì òkè obìnrin, ó lu ìyẹn náà. Gbì. "Ẹ gbọ́ ọ? Ti ilé Jagunmólú ń dún bí ikùn ẹni tó jẹun yó. Tiwa, ti ilé Alápó, ń dún bí agolo mílíìkì. A jọ dáwó ni, a ò bẹ̀bẹ̀. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Bí àwòrán ilé ṣe rí nìyẹn, Mà."

"Ta ló ya àwòrán?"

"Èmi ni, Mà."

"Ẹ̀yin náà lẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni pé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí àkàbà rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, abeg, I no want wàhálà. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ lọ bi alága kọ́mítì. Ẹ lọ bi Àlàájì Muqtadir."

Orúkọ yẹn ni kò yẹ kó dá. Ojú Àṣàbí kéré.

"Àhá," ló wí. Ó ká ìborùn rẹ̀ sí èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀.

Tí àlejò bá bèèrè pé kí ló kan obìnrin tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Jankárà nínú òpó mọ́ṣáláṣí, kò jẹ̀bi. Wọn ò bí i sí Ìta Olókìtì. Àwọn káfíńtà Agùdà tó padà dé láti òkè òkun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́ síbẹ̀ nígbà ayé àwọn bàbá bàbá wa, ilé kékeré tó ní fèrèsé onígíláàsì aláwọ̀. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan tó bá wọn dá a sílẹ̀ ló gbé òpó tirẹ̀ wá. Ilé tó ní òpó ló ní ẹnu. Bí wọ́n bá fẹ́ wé láwàní fún Ìmáàmù, tàbí fún Náíbì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ilé tí oyè kàn á mú ọmọ wọn wá, ọmọ náà á fẹ̀yìn ti òpó ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọn á ti wé e fún un lójú gbogbo jàmáà. Ẹni tí kò bá rí òpó fẹ̀yìn tì kò rí láwàní wé. Àwọn ilé Olówùú ní òpó rí. Ikán wọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn á ṣe é lọ́la, wọ́n ní àwọn á ṣe é lọ́túnla, òpó wó. Títí di òní olónìí, ẹ̀gbẹ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé báwo lẹ ti rí i sí.

Lọ́dún tí ìjọba palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ tó kó lọ sí Àbújá, àwa náà ní a fẹ́ ìlú tuntun, la bá wó mọ́ṣáláṣí àtijọ́. Àwòrán tí Ọláníyì kọ́kọ́ mú wá kò ní òpó kankan nínú: gbọ̀ngàn gbalasa lábẹ́ òrùlé roboto, kí ojú lè máa rí mímbárì láti ibi gbogbo. Wọ́n gbọ́ ìjà ọjọ́ yẹn dé CMS. Ìgbà tó fi òpó mẹ́rin sí i, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ni àwọn àgbà tó jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ká má purọ́, ilé náà rẹwà. Mábù rẹ̀ funfun bíi wàrà, iṣan eérú eérú sì gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n kun inú òrùlé láwọ̀ sánmà, wọ́n wá fi ọ̀dà wúrà kọ ọ̀rọ̀ Àlùkùránì yí i ká. Kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wá láti Sáúdí ti ní ìlà sáàfù lára, ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ gan-an ò lè yà. Òkè obìnrin, igi oníhò ni wọ́n gbẹ́ dí iwájú rẹ̀: ojú ń gba ibẹ̀ jáde, orí ò gbà á. Gbogbo èèyàn ń yanu wò ó. Àṣàbí nìkan ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilé tó bá dán tó báyìí, ó ní nǹkan tó fi dídán bò.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú, òjò ń rọ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó ilé wọn níbi tó ti gba òkè obìnrin kọjá lọ sí òrùlé, ó sì gbọ́ omi. Kì í ṣe òjò orí òrùlé. Omi tó ń sáré lọ sísàlẹ̀ nínú òpó ni, bí ìgbà tí ẹnì kan fara pamọ́ síbẹ̀ tó ń tọ̀.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ sì rèé, wọ́n fẹ́ wé láwàní Náíbì fún Alfa Lùkúmọ̀n, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Bàbá wọn dúró de oyè yìí títí ó fi kú. Bí Lùkúmọ̀n kò bá rí i gbà, ilé Jagunmólú ló kàn. Ta ni olórí ilé Jagunmólú? Àlàájì Muqtadir, alága kọ́mítì tó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí kò bá fura níbẹ̀ yẹn, ó ń sùn ni.

Láti mọ́ṣáláṣí, ó di ọ́fíìsì Muqtadir lẹ́bàá Tinúbú. Táìlì àti àwo ṣálángá aláwọ̀ oríṣiríṣi ni Àlàájì ń tà, páìpù sì kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí igi ìdáná. Àṣàbí wo àwọn páìpù náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Àlàájà Àṣàbí! Ẹ wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já mínírà fún yín."

"Mi ò kì í mu ohun tí wọ́n já lẹ́yìn mi."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo tún ṣe? Tó bá jẹ́ ti páńkà òkè obìnrin tí kò yí, mo ti ní kí wọ́n lọ wò ó."

"Páńkà kọ́. Ta ló yan òpó fún ilé Alápó?"

"Òpó? Apá ibi tẹ́ ẹ wà nínú ti àtijọ́ náà la fi yín sí, apá títì. Kí ló ṣe òpó?"

Ó bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ara Àṣàbí bù máṣọ. Olè tó mọ iṣẹ́ kì í làágùn.

"Ẹ mọ ohun tó ṣe é," ló wí.

"Àṣàbí, mo ní kí ló ṣe é?"

"Jímọ̀ á sọ ọ́."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó wà. Ó wà dáadáa."

Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, Àlàájì gbé tẹlifóònù, ó pe ìyàwó rẹ̀ Mariyah nílé. "Obìnrin ilé Alápó yẹn ń gbèrò nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kó o jókòó sí. Máa wo ọwọ́ ẹ̀."

Àṣàbí fẹsẹ̀ rìn dé Lafiaji, níbi tí Lùkúmọ̀n ń gbé tó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ó bá a níbi tó ti ń yẹ àlùkíńbà tó fẹ́ wọ̀ wò, aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí létí.

"Lùkúmọ̀n, wọ́n ti tà wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Òpó wa ṣófo."

Ọwọ́ Lùkúmọ̀n dúró lórí aṣọ. Kò bèèrè pé òpó wo. Kò bèèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

"Ta lẹ ti sọ ọ́ fún?"

"Ṣé ohun tó o máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi òpó sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá. Lẹ́yìn Jímọ̀, tó bá wù yín, ẹ gun orí òrùlé lọ pariwo."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo bẹ̀ yín."

"Muqtadir ti rí ẹ."

"Wọn ò rí mi."

"Kí ni wọ́n fún ẹ? Mọ́tò? Àbí ọmọ wọn obìnrin? Sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ìgbà wo lẹ fẹ́ fọkàn tán ẹnì kan láyé yìí?"

"Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá wò mí lójú."

Lùkúmọ̀n kò wò ó lójú. Ó tún àlùkíńbà náà ká, ó tún un tú.

Ohun tí Àṣàbí rò lọ́nà ilé nìyí: Muqtadir á jẹ́ kí Lùkúmọ̀n fẹ̀yìn tì í, á jẹ́ kí gbogbo Èkó wò ó tán, á wá ní, ẹ kan òpó yẹn wò. Ẹ̀tẹ́ tí kò ní parí láyé ọmọ ọmọ. Ẹ̀rù ń ba àbúrò òun, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Òun ni yóò bá a sọ ọ́. Kí Muqtadir tó la ẹnu, òun ti tú àṣírí rẹ̀ síta, jàmáà á yọ ọ́ nípò alága, wọn á sì fipá mú un kó da kọnkéré sínú òpó ilé Alápó títí dé òrùlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Hámà tó fi ń ṣí àpótí abọ́ wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ní Jankárà. Ó mú un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pèrun. Inú gbọ̀ngàn kún, iná gíláàsì ńlá tàn, mábù sì ń dá a padà débi pé agbádá àwọn àgbà ń kọ mọ̀nàmọ́ná. Lókè, Mariyah ti jókòó nídìí òpó ilé Alápó, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ pupa fẹ́ ara rẹ̀.

"Àyè kún nídìí òpó tiyín," ni Àṣàbí wí fún un. "Kí lẹ ń wá nídìí tiwa?"

"Ilé Ọlọ́run ni gbogbo ẹ̀, Àlàájà."

"Ṣé òní ló wá di ti Ọlọ́run? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń pín páńkà, ti Jagunmólú ni."

Mariyah sún díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìborùn Àṣàbí. "Kí lẹ gbá mọ́ àyà báyẹn?"

"Ọmú mi ni. Ṣé kí n yọ ọ́ fún yín?"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mariyah gbé ojú kúrò.

Wọ́n kírun tán, wọ́n sàláámà. Bàbá Ìmáàmù Mùsílíù, arúgbó tí ohùn rẹ̀ rọra ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń sùn, pe ilé Alápó. Lùkúmọ̀n dìde nínú àlùkíńbà rẹ̀. Ó rìn dé ìdí òpó, ó fẹ̀yìn tì í. Gbogbo ilé ké Àlááhù Akúbárù. Ìmáàmù tú láwàní funfun, ó gbé e lé e lórí, ó yí i kan.

"Bàbá Ìmáàmù, ẹ dúró! Ẹ̀yin jàmáà, ẹ dúró! Ayédèrú òpó ni wọ́n fún wa!"

Ojú àwọn ọkùnrin gòkè síbi tí ohùn Àṣàbí ti wá. Wọn ò rí nǹkan kan àfi igi oníhò àti ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ bi alága yín! Ẹ bi Muqtadir ohun tó rì mọ́ inú òpó ilé bàbá mi!"

Ní ìsàlẹ̀, Lùkúmọ̀n gbé orí sókè pẹ̀lú láwàní tí wọn ò tíì wé tán. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́."

"Má bẹ̀rù, ọmọ ìyá mi! Mo wà níbí!"

Mariyah di ìró rẹ̀ mú. Àṣàbí já a gbà, hámà sì jáde lábẹ́ ìborùn. Ó lu òpó. Mábù náà fẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì, ó fọ́ dànù. Pákó pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn mábù. Ó lu ìyẹn náà, ó ya. Lẹ́yìn pákó, páìpù dúdú tó nípọn bí itan àgbà. Mariyah kígbe pé ẹ gbà mí o. Àṣàbí gbé hámà sókè, ó sọ ọ́ lé páìpù lórí.

Omi tú jáde. Gbogbo òjò orí òrùlé roboto, tòun ti ìyẹ́ ẹyẹlé àti ewé jíjẹrà, gba ihò igi náà, ó dà lé àwọn àgbà lórí, ó dà sí èjìká Ìmáàmù, ó sọ kápẹ́ẹ̀tì pupa di dúdú.

"Ẹ rí i! Ẹ rí i, ẹ̀yin ọmọ Èkó! Òpó nìyẹn àbí gọ́tà? Gọ́tà ni Muqtadir fi mábù wé fún ilé Alápó!"

Àlàájì Muqtadir dúró láàárín àwọn àgbà, omi ń kán lára fìlà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹni tó rí ojú rẹ̀ ní wákàtí yẹn kò ní purọ́ mọ́ ọn pé ó mọ̀. Ó wá Ẹnjiníà Ọláníyì kiri, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti wá wòran.

"Ọláníyì, kí nìyí?"

"Àlàájì, omi òrùlé gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa gbà sílẹ̀. Apá ibẹ̀ ni gọ́tà ìgboro wà. Àwọn mẹ́ta yòókù, kọnkéré ni, ẹ lè kàn wọ́n wò. Ìyẹn nìkan... páìpù ni, a wá fi pákó àti mábù bò ó. Kò gbé nǹkan kan dúró."

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

Ọláníyì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alfa Lùkúmọ̀n. Wọ́n bá wa níbi tá a ti ń bò ó. Wọ́n ní kí n má sọ fẹ́nikẹ́ni."

Gbogbo ojú padà sórí Lùkúmọ̀n. Òun kò wo ẹnì kankan nínú gbọ̀ngàn. Òkè ló ń wò.

"Mo ní ẹ jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá," ló wí. "Tí wọ́n bá ti wé e tán, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́ títí ikú."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Ohùn Àṣàbí ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ wo lẹ gbọ́ rí tẹ́ ò kígbe ẹ̀?"

Muqtadir pa ẹnu dé. Ó fi etí agbádá nu omi ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ní àyè. Ó kọjú sí arúgbó.

"Bàbá Ìmáàmù, ẹ má bínú o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Àwọn ilé Olówùú, ibo ni wọ́n jókòó sí?"

Lẹ́nu ọ̀nà, láàárín bàtà, bàbá kan nínú àwọn ilé Olówùú na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é!" ni Àṣàbí kígbe. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, Muqtadir!"

"Àlàájà, Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ pé òpó yín ṣófo. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí. Ẹ sì fi han gbogbo wa. Ẹ ṣeun."

Omi ṣì ń dà. Ìmáàmù Mùsílíù na ọwọ́ sí orí Lùkúmọ̀n, ó tú láwàní náà, ó ká a sọ́wọ́.

"Ọmọ mi, kúrò níbẹ̀."

"Bàbá Ìmáàmù, ẹ jọ̀ọ́!" Àṣàbí ti fi ojú lẹ igi oníhò. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fọ́ ọ! Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un dà! Mo ní ẹ jọ̀ọ́!"

Ìmáàmù rìn gba orí kápẹ́ẹ̀tì tútù lọ sí òdìkejì. Àwọn ọmọ ilé Jagunmólú ti ti Kàmọ́rù, àbúrò Muqtadir, síwájú. Ó fẹ̀yìn ti òpó. Ìmáàmù gbé láwàní lé e lórí, ó yí i, ó tún un yí, ó fa etí rẹ̀ gba abẹ́ àgbọ̀n, ó sì kì í bọ̀ ọ́.